Ẹ̀bẹ̀ Tó Ṣáájú Ẹjọ́

Òjòwú kì í lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wo àyà tèmi, ẹ ó rí i pé wọn ò parọ́. Láti ìgbà tí katapílà àbúrò ọkọ mi ti ń kọjá níwájú ilé wa ní Igbodigo ni mo ti ń rù. Láàárọ̀, kí n tó ṣe àmín sí àdúrà mi, ilẹ̀ á ti máa mì, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á sì máa kan ara wọn. Ọkọ mi á jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà títí yóò fi yà sí ọ̀nà Ìjù-Odò. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ eyín ẹ̀rọ yẹn." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ wà nínú ikùn èmi ìyàwó rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe ni ọkọ mi. Ọ̀pọ̀ kọ́fáátì tí ẹ̀ ń gùn kọjá lágbègbè wa, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ láìba ọ̀nà jẹ́, òun ló ṣe é. Yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, òun ló kọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ yìí, abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn wọn ojú ọ̀nà. Ẹ máa rántí èyí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, nítorí èmi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Báńkì ńlá kan wà lókè òkun tó máa ń yá ìjọba lówó láti fi ṣe ọ̀nà fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀nà àárín àwọn ìlú wa, kí epo Akotogbo àti gàrí Ìjù-Odò lè máa dé ọjà lásìkò òjò, wọ́n gé iṣẹ́ náà sí abala-abala, wọ́n sì ní kí agbaṣẹ́ṣe tó bá tó bẹ́ẹ̀ wá du ú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi orúkọ sílẹ̀, kálukú fún abala tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn agbaṣẹ́ṣe to irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ. Àwọn méjèèjì gbé tiwọn fún un. Ó tò ó, ó dì í pọ̀, ó fi ike tó ń dán bò ó. Àṣé ó ti ki ìwé ẹ̀rí kan bọ àárín ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò, ìwé tó sọ pé wọ́n ti ṣe afárá ńlá kan rí fún ọ́fíìsì ìjọba kan. Wọn ò ṣe afárá kankan. Nígbà tí àwọn olùtọpinpin báńkì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà, wọ́n ní àwọn ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Báyìí ni ẹ̀sùn ṣe wọlé, ọ̀kan náà fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà fún àbúrò. N ò ní fi owú bo òótọ́ mọ́lẹ̀: báńkì ò kàn dìde kí wọ́n gbá wọn lójú. Wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rí tì í, wọ́n ní ẹni tó bá ní àlàyé kó fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí àwọn dá tó pé, wọ́n sì ní kì í ṣe àwọn tó tọpinpin ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ nílẹ̀ yìí kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, òyìnbó tó ki, tí gbólóhùn kan lè gba ìlàjì ojú ìwé.

Ibẹ̀ ni owú mi ti kọ́kọ́ ta sókè. Tíṣà ni mí, òyìnbó ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ò fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí rí. Bí ìwé bá dé, á gbà á, á wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, á mi orí, á ká a. Èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n eléyìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ọkọ mi sì ti fà wọlé, mo wá rò pé ó máa fún mi. Ńṣe ló ká a sínú fìlà rẹ̀, ó gbé e lọ bá akọ̀wé ìjọ wa. Akọ̀wé ìjọ wa, ẹ gbọ́ o, ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó ti àkọ́bí mi, tó máa ń di àmùrè mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ fò.

Mo bi í pé, "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ò fún mi?"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ uṣẹ́ ni, Ìyá wọn. Máa bá oúnjẹ lọ."

Mo ro púpurú alẹ́ ọjọ́ náà, òkèlè gbágùúdá wa, le tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé gé. Mo ní nínú ara mi pé ohun kan wà tí ọmọbìnrin yẹn mọ̀ tí èmi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é ní ìjọ wa, kí ẹ lè mọ ohun tí ọkọ mi rò pé òun ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ẹnì kan, ì báà ṣe é, ì báà má ṣe é, ìkúnlẹ̀ ni àkọ́kọ́. Á ṣí fìlà, á kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà nínú aṣọ funfun rẹ̀, á ní, "Ẹ forí jì mí, mo ti ṣẹ̀." Kò tíì jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ó kàn ń kí ìjókòó ni. Àwọn àgbà á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó dàgbà jù nínú wọn á ní, "Dìde, sọ tẹnu rẹ." Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé òun ò jẹ̀bi, kódà kó jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, wọ́n á ní agbéraga ni, ẹjọ́ á sì ti wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú ilé náà bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi tó ti dolóògbé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, kì í gbọ́ àlàyé lẹ́nu ọmọ tí kò bá tíì bẹ̀bẹ̀. "Bẹ̀ ná," ló máa ń wí, "ẹnu rẹ ò ní í sá lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀wé ìjọ ṣe kọ èsì ọkọ mi. Olórí ìjọ jókòó tì wọ́n, ó ń pòwe fún ọkọ mi pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n kí báńkì, wọ́n kí ìdílé báńkì, wọ́n ní àwọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní ilé iṣẹ́ àwọn ti ṣẹ̀, kí wọ́n forí jì í nítorí Ọlọ́run, irú rẹ̀ ò ní wáyé mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Àkúrẹ́ níbẹ̀. Kò síbi tó ti sọ pé òun ò mọ̀. Ìyẹn ṣì ń bọ̀, bí wọ́n bá ti ní kó dìde. Ó fi èsì náà ránṣẹ́, ó sì jókòó, ó ń retí kí wọ́n pè é.

Wọn ò pè é. Báńkì ò mọ̀ pé ó ń retí ohunkóhun. Lójú tiwọn, ó ti sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ku ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀ ná. Èmi ni ìyálé rẹ̀ nínú ẹbí, èmi ni mo bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. A kì í ṣe orogún, ọkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi obìnrin wéra nílé wa, èmi àti òun ni wọ́n ń fi wéra. Ó pupa, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ lọ́yà ní Èkó. Àbúrò tèmi ń sin ẹja ní Akotogbo. Ẹja dára nínú ọbẹ̀, kò lè bá báńkì sọ̀rọ̀.

Lọ́yà yẹn ló fèsì fún àbúrò ọkọ mi. Ó ní oníbàárà òun ò mọ̀ pé ayédèrú ìwé wà nínú ẹrù náà, ẹni tó kó o jọ nìyí, bí wọ́n ṣe gbéṣẹ́ fún un nìyí. Ó ní àìfura ni ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà òun, kì í ṣe èrú, àti pé láti ìgbà náà lọ ẹlòmíràn yóò máa yẹ ìwé wò kó tó fọwọ́ sí i. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi, mo ní àwọn èèyàn yìí ò lẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló jàre. Báńkì kìlọ̀ fún àbúrò, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ kí àwọn máa ṣọ́ ọ. Ní ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì sí àlàyé kankan tí àwọn lè gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, àti pé ọdún náà tó bá pé, ilẹ̀kùn ò ní í ṣí fúnra rẹ̀, àfi tó bá fi hàn wọ́n pé ó ti yí padà. Wọ́n gbé orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìkànnì wọn níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹ sì mọ̀ pé bí báńkì kan bá lé èèyàn síta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gbà á sílé. Kò pẹ́ tí àwọn tó máa ń pè é fún kíláàsì méjì, kọ́fáátì kan, ò fi gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn, orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Òun nìkan ló fẹ́ gbà padà. Ó ní bí òun bá kú tí orúkọ bàbá òun ṣì wà lórí ògiri àwọn òyìnbó, òun ò mọ ohun tí òun máa wí fún un lọ́hùn-ún.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo pa òwe yẹn fún ara mi nídìí ààrò títí ó fi sú mi, nítorí kò bá a mu dáadáa. Báńkì gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì bákan náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé. Ṣé bákan náà nìyẹn? Ọ̀kan náà ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ọwọ́ kan náà ló kọ ìwé wọn. Ọ̀kan ń gun katapílà, ọ̀kan ń wò ó. Mo wá ẹni tí mo lè bá jà nínú ọ̀rọ̀ náà, báńkì jìnnà, ọkùnrin Àkúrẹ́ ti sá lọ. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló wà nítòsí. Mo bínú sí bàtà rẹ̀, mo bínú sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, mo bínú sí ẹ̀rín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yangí ló fẹ́ pa mí. Yangí tó dára jù fún ọ̀nà náà, inú oko wa ló wà, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ò lè rà á. Bí òun bá ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí báńkì ti lé síta, òun náà á bá a lọ. Ọkọ mi ní, "Mo gbọ́. Lọ wá a síbòmíràn." Láti ọjọ́ náà, típà tó ń gbé yangí ọlọ́yangí wá láti ọ̀nà jíjìn ni ó ń kọjá lójú wa, tó ń da eruku sí aṣọ tí mo sá. Ilẹ̀ tiwa náà ti di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta náà ń lọ sópin, ìyàwó yìí wá kí mi. Ó gbé ẹja gbígbẹ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ulé, Àǹtí mi."

Mo ní, "Ṣé ẹ ṣì mọ ọ̀nà ibí? Mo rò pé katapílà ti bò ó."

Ó rẹ́rìn-ín, bó ti máa ń ṣe. Ó ní àbúrò òun fẹ́ bá wa kọ̀wé sí báńkì kí wọ́n lè tú orúkọ náà sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè ní kí bàbá fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ní àbúrò òun ti ní kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá sí i, kí bàbá má baà sọ̀rọ̀ lédè tí kò rọrùn fún wọn.

Mo ní, "Ta ló sọ fún un pé òyìnbó ò rọrùn fún ọkọ mi?"

Ọkọ mi gbójú sókè níbi tó jókòó sí. Ó ní, "Sọ fún àbúrò rẹ pé mo dúpẹ́. Èdè wa ni mo fẹ́." Orí mi gbóná. Mo gba ẹja náà, ṣùgbọ́n mi ò sè é lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí báńkì dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ, pálọ̀ ìyàwó yìí náà la ti ṣe é, torí pé nẹ́tíwọ̀kì ilé wọn lágbára ju tiwa lọ, bí ohun gbogbo wọn ti ju tiwa lọ. Ó gbé lápútọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ó bá wa tan án, ó jáde. Mo jókòó ti ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kámẹ́rà ẹ̀rọ náà ò dé ọ̀dọ̀ mi. Obìnrin òyìnbó kan láti báńkì yọ, irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ gíláàsì. Ọkùnrin kan tó ń túmọ̀ wà nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ohùn rẹ̀ jọ. Obìnrin náà kí ọkọ mi. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí ìwé afárá yẹn ṣe dénú ìwé tó fi du iṣẹ́ náà, láti ẹnu ọkọ mi fúnra rẹ̀.

Ọkọ mi ṣí fìlà. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, mo ti ṣẹ̀."

Lójú ẹ̀rọ, àga òfìfo ni obìnrin náà ń wò. Mo gbọ́ tó ń béèrè lóyìnbó pé ṣé iná ti lọ ni, níbo ni ọkùnrin náà wà. Mo fẹ́ fà á lápá, ìtìjú ò jẹ́ kí n lè mira.  Ọkùnrin tó ń túmọ̀ ò túmọ̀ ohun tí ọkọ mi wí. Ó sọ fún obìnrin náà pé kó ṣe sùúrù, pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níbí nìyẹn, kò tíì sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dìde, bàbá. Ẹ sọ tẹnu yín."

Ọkọ mi dìde. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó jókòó, ó sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin Àkúrẹ́, bí òun ṣe gbéṣẹ́ fún un, bó ṣe dì í wá, bí òun ṣe fọwọ́ sí i. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìfi igbe sí i, bó ṣe máa ń júwe iṣẹ́ fún àwọn bíríkìlà.

Obìnrin náà bi í pé ṣé ó ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i.

Ó ní rárá.

Kí ló dé?

Ó wo fìlà ọwọ́ rẹ̀.  "N ò lè ka uwé òyìnbó," ló wí. "Bíbélì Yorùbá ni mo lè kà. Òyìnbó, mò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹnjiníà, ṣùgbọ́n n ò lè kà á."

Obìnrin náà tún bi í pé ṣé kò sí ẹni tó lè bá a kà á nínú ilé ni.

Ó ní, "Ìyàwó mi wà. Tíṣà ni. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó rò pé mo mọ̀wé, n ò sì lè sọ fún un pé n ò mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ló ń tì mí."

Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wò mí. Ọkùnrin Ọ̀yọ́ yẹn túmọ̀ rẹ̀ sóyìnbó, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kedere bí ẹni pé ó wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́, ó ní òun á kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi wọlé padà tó ń bi wá pé báwo ló ṣe lọ, mo wá owú rẹ̀ nínú ara mi, n ò rí i. Ó ti kó lọ bá ẹlòmíràn. Mo ti bi ọkùnrin yìí léèrè ọ̀rọ̀ ìwé yẹn nídìí oúnjẹ, lórí ibùsùn, lójú ọ̀nà oko. Mo fi ìbínú bi í, mo fi ẹ̀rín bi í, "ọ̀rọ̀ uṣẹ́ ni" ló ń dá mi lóhùn. Obìnrin tí kò mọ ibi tí Igbodigo wà, tí kò se ọbẹ̀ fún un rí, bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Owú yẹn bá mi rìn títí a fi délé.

Wọ́n tú orúkọ náà sílẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ẹlẹ́rìn-ín yẹn, ló sáré wá sọ fún wa kí ìwé lọ́yà tó dé, a sì jọ fò sókè, èmi àti òun, bí ọmọdé. Ọkọ mi lọ sí ìdí sàréè bàbá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

Láàárọ̀ àná, ìwé iṣẹ́ kan dé, kọ́fáátì ni, lọ́nà Akotogbo. Ó gbà á, kò wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò mi orí. Ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e lé mi nítan, ó sì yíjú sí ọ̀nà. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á lọ, mo gbóhùn sókè kí ariwo katapílà má baà bò ó. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Inú mi dùn, n ò ní parọ́, ṣùgbọ́n owú obìnrin òyìnbó yẹn ò tíì tán nínú mi. Òun ni ọkọ mi kọ́kọ́ sọ fún.